Oríire Kì Í Ṣe Ìmọ̀: Ọ̀rọ̀ Wa Sí Àwọn Olùkọ́ Tírédì Ìkátè Ẹlẹ́gùṣì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ó ń dùn wá ni. Bí a bá sì fi gé ẹnikẹ́ni lára, kí ó mọ̀ pé ó kọ́kọ́ gé àwa fúnra wa.

Ní ọjọ́ Sátidé kan láàrin òjò, àwa mẹ́fà wọ ọkọ̀ láti Yábàá dé Ọbáléńdé, a tún wọ dánfó tó ń lọ Àjáh, a sì sọ̀ ní Ìkátè. Omi ti gba títì. A ká ṣòkòtò dé orúnkún, a gbé bàtà lọ́wọ́, a ń wá ilé tí wọ́n júwe fún wa. Ẹ̀kọ́ tírédì la fẹ́ lọ gbọ́: bí èèyàn ṣe ń fi fóònù ra ìpín ìdókòwò iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ní àárọ̀ kí ó tà á ní ọ̀sán, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe forex. Ẹni tó fẹ́ kọ́ wa kò ju ẹgbẹ́ wa lọ. Wọ́n gbé ojú fóònù rẹ̀ sára ògiri funfun, gbogbo wa sì ń wo bí dọ́là ṣe ń gun orí ara wọn. Lẹ́yìn náà ló sọ gbólóhùn tí a kò tíì gbàgbé títí dòní. Ó ní, “Tí tírédì bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún níbẹ̀, inú ọpọlọ ló wà. Tí o bá pàdánù, ọkàn rẹ ni kò le.”

A pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wa sanwó ẹ̀kọ́ lójú ẹsẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ ló san níbẹ̀, ó sì kó ìyókù sínú tírédì. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì ó ti jèrè. Ó ra súyà fún wa, a jẹ ẹ́, a sì ń pè é ní ọ̀gá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, owó ti tán. Kò rí owó forúkọ sílẹ̀ fún sáà náà, kò sì ṣe ìdánwò. Ó padà lọ bá olùkọ́ náà, ó ní kí ó bá òun wo ibi tí òun ti ṣìṣe. Èsì tó gbà kò ju gbólóhùn kan lọ: “Mo ti sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀, ọkàn ẹ ni kò le.”

Gbólóhùn yìí ni à ń bá jà lónìí. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ṣoṣo ló ti ń jáde. Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ bá jèrè, ẹ̀kọ́ olùkọ́ ló ṣiṣẹ́. Bí ó bá pàdánù, ọkàn ọmọ ẹ̀kọ́ ni kò le. Olùkọ́ kò lè jẹ̀bi láéláé. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò dárúkọ, òun náà sì ni Yorùbá kọ́kọ́ máa ń dárúkọ: orí. Àwọn baba wa ní, orí la fi í mú ẹran láwo. Wọn kò sọ pé kí ọwọ́ máà wọ inú àwo. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ wọlé, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ máa bá pàdé níbẹ̀ kì í ṣe ọgbọ́n ọwọ́ nìkan. Àwọn olùkọ́ tírédì yọ orí kúrò nínú àwo kí wọ́n lè rí ọwọ́ tà fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Ẹ kó akẹ́kọ̀ọ́ 1,024 jọ sí etí òkun Ẹlẹ́gùṣì. Kí kálukú mú owó onírin kan lọ́wọ́, kí ó jù ú sókè. Ẹni tí tirẹ̀ bá dojú dé, kí ó máa lọ sílé. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣíjú sókè, kí ó dúró. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan, nǹkan bí 512 ni yóò kù. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, 256. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀marùn-ún, 32. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni yìí kò kọ́ nǹkan kan, kò sì mọ nǹkan kan ju àwọn tó ti lọ sílé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí yóò ṣe lọ́la: yóò gba yàrá sí Ìkátè, yóò háyà mọ́tò olówó ńlá ya fọ́tò, yóò sì máa gbowó lọ́wọ́ wa láti kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ju owó. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé kò ní máa parọ́. Yóò gbà á tọkàntọkàn pé òun mọ̀ ọ́n jù. Àwọn 1,023 yòókù ńkọ́? Wọ́n wà nílé. Kò sẹ́ni tó gbé makirofóònù fún wọn.

Bí ẹ bá rò pé àpèjúwe lásán nìyẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2008.

Ní oṣù keje 2004, Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà báǹkì àpapọ̀, CBN, pàṣẹ pé báǹkì tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní owó ìdásílẹ̀ ₦25 bílíọ̀nù kí 2005 tó parí. ₦2 bílíọ̀nù ni òṣùwọ̀n tẹ́lẹ̀. Báǹkì 89 rún pọ̀ di 25. Kí wọ́n lè rí owó náà kó jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣíà fún gbogbo ayé, ìyẹn ìpín ìdókòwò wọn. Olùkọ́ rà, òṣìṣẹ́ ìjọba rà, àwọn ìyá ọlọ́jà rà. Òṣùwọ̀n gbogbogbò ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà wà ní nǹkan bí 33,000 nígbà tí 2006 parí. Nígbà tí 2007 parí, ó ti lé díẹ̀ sí 57,900. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta 2008, ó kan 66,371. Lákòókò yẹn, kò sí ẹni tó ra ṣíà tí kò di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó fi ojú pa rà á jèrè. Ẹni tó ka ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ kó tó rà á náà jèrè. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀yàtọ̀ láàrin àwọn méjèèjì? Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí omi bá kún, gbogbo ọkọ̀ ló ń léfòó, èyí tó jò àti èyí tí kò jò.

Àwọn báǹkì wá ń yá àwọn èèyàn lówó láti fi ra ṣíà, ṣíà náà ni wọ́n sì fi dúró fún gbèsè. Bí owó rẹ̀ bá ń lọ sókè, ẹnu kò gba ìròyìn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí padà, báǹkì ní kí wọ́n mú owó wá sí i. Ẹni tí kò rí owó mú wá, wọ́n ta ṣíà rẹ̀. Títà yẹn já iye rẹ̀ wálẹ̀ sí i, èyí sì mú kí wọ́n tún ta ti ẹlòmíràn. Nígbà tí 2008 fi máa parí, òṣùwọ̀n náà ti wálẹ̀ sí 31,450. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 2009, ó ti wà ní nǹkan bí 20,000. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2009, Sanusi Lamido Sanusi tó gba ipò Soludo yọ àwọn ọ̀gá báǹkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, CBN sì da ₦420 bílíọ̀nù sínú àwọn báǹkì náà kí wọ́n má baà wó. Ní 2010, ìjọba dá AMCON sílẹ̀ láti ra àwọn gbèsè tó ti bàjẹ́.

Ìbéèrè wa nìyí: ẹni tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú oṣù kẹta tó sì di onígbèsè nínú oṣù kejìlá, ṣé ọgbọ́n rẹ̀ ló parẹ́ láàrin oṣù mẹ́sàn-án? Ṣé ọkàn rẹ̀ ló rọ̀ lójijì? Ara kan náà ni, ọpọlọ kan náà ni. Afẹ́fẹ́ ló yí padà. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó pe afẹ́fẹ́ ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọdún 2023 ni òṣùwọ̀n ọjà náà tó padà kan ibi tó wà ní 2008. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko! Nígbà yẹn, dọ́là tí kò tó ₦120 ní 2008 ti ju ₦700 lọ. Kí àwọn tó ń sọ pé “ọjà máa ń padà bọ̀ sípò” rántí pé ẹ̀mí èèyàn kì í dúró de ọjà.

A kò sọ pé ọpọlọ kò ní ipa kankan. Ó ní ipa, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún wa. Ìmọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn kò sọ fún wa pé ọkàn líle ń sọ èèyàn di olówó. Ohun tó sọ ni pé orí wa kò mọ bí a ṣe ń ya oríire sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ̀. Daniel Kahneman àti Amos Tversky kọ ọ́ ní 1979 pé bí àdánù ṣe máa ń dun èèyàn ju bí èrè tó tó o ṣe máa ń dùn mọ́ ọn lọ. Kahneman gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní 2002. Nítorí pé àdánù ń dunni tó bẹ́ẹ̀, a kì í fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀. Terrance Odean yẹ àkántì 10,000 wò ní Amẹ́ríkà, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1998: àwọn èèyàn máa ń tètè ta ìpín tó ń jèrè, wọn a sì di èyí tó ń pàdánù mú gírígírí. Wọ́n ń retí kó padà sí iye tí wọ́n rà á.

Ẹ má lọ jìnnà. Ẹ lọ sí ọjà Jákàńdè ní ìrọ̀lẹ́, kò jìnnà sí Ìkátè. Ẹ wo ìyá onítòmátì. Bí tòmátì bá ti ń rọ̀, ṣé wọ́n máa ń sọ pé “iye tí mo rà á láàárọ̀ ni mo máa tà á”? Rárá o. Wọ́n á ṣa èyí tó ti ń bàjẹ́ sọ́tọ̀, wọ́n á tà á ní ẹ̀dínwó kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á gba àdánù kékeré kí ti ńlá má baà dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Àwa tí a ń kàwé ní yunifásítì, tòmátì rírà la kó sínú fóònù, a ń gbàdúrà kó padà di tútù. Ìyá náà kò san kọ́bọ̀ fún olùkọ́ kankan ní Ìkátè.

Ohun kejì ni ìgbéraga. Ọ̀jọ̀gbọ́n Brad Barber àti Odean kan náà wo agboolé 66,465 tó ń ra ìpín tó ń tà á ní Amẹ́ríkà láàrin 1991 sí 1996. Ọjà náà lápapọ̀ mú èrè ìdá 17.9 nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dọọdún. Àwọn tó ń rà tó ń tà jù lọ, ìdá 11.4 ni wọ́n rí. Bí ọwọ́ wọn ṣe ń yá tó ni èrè wọn ń dín tó, nítorí pé gbogbo rírà àti títà ló ní owó tí à ń san lé e. Ní Bràsíl, àwọn olùwádìí tọpa àwọn tó bẹ̀rẹ̀ tírédì ojoojúmọ́ láàrin 2013 sí 2015 lórí iye tí òṣùwọ̀n ọjà ìpín ibẹ̀ yóò jẹ́. Nínú àwọn tó tẹra mọ́ ọn ju ọjọ́ 300 lọ, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló pàdánù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Kì í ṣe àwọn tó sá lọ́sẹ̀ kejì la ń sọ. Àwọn tí ọkàn wọn le gan-an nìwọ̀nyí, àwọn tó tẹra mọ́ ọn. Ọkàn líle kò gbà wọ́n.

Ohun kẹta ni owó èlé tí àwọn pẹpẹ orí fóònù ń gbé síni lọ́wọ́. Wọ́n á ní naira kan rẹ lè ṣe iṣẹ́ 500. Ó dùn-ún gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba ₦20,000 oúnjẹ oṣù tí NELFUND ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ó kó o síbẹ̀. Wọ́n fún un láyè láti di ọjà ₦10 mílíọ̀nù mú. Bí ọjà náà bá wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 0.2 péré nínú ọgọ́rùn-ún, ₦20,000 ti lọ. Ìdá 0.2! Ọjà lè rìn jùyẹn lọ kó tó tán oúnjẹ lẹ́nu. Ọkàn wo ló fẹ́ le débi tí yóò fi dá ìyẹn dúró? Ní 2018, ESMA, àjọ tó ń mójútó ọjà ìdókòwò ní Yúróòpù, sọ pé láàrin ìdá 74 sí 89 nínú ọgọ́rùn-ún àkántì àwọn aráàlú ló ń pàdánù nínú irú tírédì báyìí, wọ́n sì fi dandan lé e pé kí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ iye àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń pàdánù síta. Gbèsè ni owó NELFUND, ẹ̀yin èèyàn wa. A máa san án padà, yálà a fi jẹun tàbí a fi ta tẹ́tẹ́.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ìlara ló ń ṣe wá. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìlara, ẹ ṣáà dáhùn ìbéèrè. Wọ́n á ní, “Lágbájá ṣe é, ó sì kọ́lé.” A ti dáhùn ìyẹn: ẹnì kan nínú 1,024 máa kọ́lé, bó mọ nǹkan kan, bí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tún ní, “Ṣé kí a máà dókòwò rárá ni?” A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ìpín iléeṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, tó fi owó tí kò nílò fún ọdún mélòó kan rà á, tó ń gba owó èrè tí iléeṣẹ́ ń pín, tí kò sì kó gbogbo ẹyin rẹ̀ sínú agbọ̀n kan, ẹni náà ń dókòwò. Òun náà nílò orí, ó sì lè pàdánù, àmọ́ ó fún ara rẹ̀ láyè kí oríbúburú ọjọ́ kan má baà pa á. Ẹni tó ń rà láàárọ̀ tó ń tà lọ́sàn-án pẹ̀lú owó ilé-ẹ̀kọ́, tẹ́tẹ́ ló ń ta. Kí ó pè é ní orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní ìsàlẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì wa jẹ́ olóòótọ́ jù ú lọ: wọn kì í sọ fún ẹni tó bá jẹ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin là ń béèrè.

Èkíní, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ́ ọ ní tírédì: gbé ìwé àkántì rẹ ti ọdún mẹ́ta jáde, èrè àti àdánù, kì í ṣe àwòrán ọjọ́ kan. Sọ fún wa èwo nínú owó rẹ ló wá láti inú tírédì àti èwo ló wá láti inú owó tí a san fún ẹ̀kọ́. Bí èkejì bá ju èkíní lọ, a ti mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe.

Èkejì, lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba àwọn èèyàn wọ̀nyí láyè láti wá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ nítorí pé wọ́n ra omi àti aṣọ ẹgbẹ́: bí ẹ bá pe ẹni tó jèrè, ẹ pe ẹni tó pàdánù náà. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ẹ̀kẹta, lọ́wọ́ ara wa: kí a ní ìwé kékeré kan. Kí a tó ra ohunkóhun, kí a kọ ìdí tí a fi fẹ́ rà á síbẹ̀, àti ohun tó máa mú ká tà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí a padà kà á. A máa rí i pé èrè wa kan wá nítorí ohun tí a kò kọ síbẹ̀ rárá. Ìyẹn gan-an ni orí. Kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a má sì pè é ní ìmọ̀.

Ẹ̀kẹrin, lọ́wọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde: ẹ̀yin tí 2008 bá lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ rí i bí ṣíà ṣe di ìwé lásán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé dákẹ́. Ẹ̀yin gan-an ni 1,023 tó lọ sílé. Ojú ń tì yín, a mọ̀. Àmọ́ bí ẹ̀yin bá dákẹ́, ẹnì kan ṣoṣo tó kù yẹn ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún wa, ohun tó bá sì sọ la máa gbà.

Ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òkè, tó pàdánù owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ti ka àròkọ yìí kí a tó gbé e síta. Òun ló ní kí a kọ ọ́. Ó tún ní kí a má gbàgbé láti kọ ọ́ pé ní ọ̀sẹ̀ kejì tó ń jèrè, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó bi í pé, “Kí ló dé tí o fi rò pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe?” Òótọ́ ni. A kò bi í. Ẹnu wa kún fún súyà.

A ti ń dá àjọ láàrin ara wa láti oṣù tó kọjá, àwa márùn-ún. Òun ló máa kọ́kọ́ kó o, kí ó lè forúkọ sílẹ̀ fún sáà tó ń bọ̀. Kò sí èrè nínú àjọ. Iye tí èèyàn bá dá náà ló máa kó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ni kò le.